Ìsọ̀ ọjà ojoojúmọ́ ní Àkúrẹ́: ṣé kí n gbé e sórí fóònù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onísọ̀-Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé ni ìsọ̀ mi wà, àwọn ọjà tí ilé kò lè ṣe aláìrà ni mò ń tà: Indomie, mílíìkì, Milo, ṣúgà, ọṣẹ lúbúlúbú, ọṣẹ ìfọyín, Maggi, tòmátò alágolo, tíṣù, Pampers, bísíkíìtì àwọn ọmọ iléèwé àti omi inú ọ̀rá. Ọjà ń yá, mo dúpẹ́. Àmọ́ bí páálí kan bá tán tí mo fẹ́ ra òmíràn, owó tí mo pa lórí ẹ̀ kì í sábà ká èyí tó kàn mọ́. Èrè wà nínú ìwé, kò sí nínú àpò.

Ọ̀rọ̀ kejì rèé. Àwọn oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká máa ń na fóònù sí mi lójú pé ọjà yìí kò wọ́n tó báyìí lórí ayélujára. Àbúrò mi náà ní kí n gbé gbogbo ìsọ̀ sórí WhatsApp àti Jumia, ojú òpó ìtajà orí ayélujára, kí n máa fi ọ̀kadà gbé ọjà ránṣẹ́. Ó wù mí, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti ń ṣe é ní Àkúrẹ́ tàbí ní Òǹdó kí n tó náwó sí i. Ọjà wo ló ṣe é gbé sórí fóònù, èwo ni kí n fi sílẹ̀ sínú ìsọ̀?

Ìyá-Ọjà-Ọba

Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ páálí tí kò lè ra páálí ni kó o kọ́kọ́ bójú tó, nítorí bó o bá gbé e lọ sórí fóònù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa tẹ̀ lé ẹ dé.

Iye tó o fi ra èyí tó wà lórí pẹpẹ kọ́ ni wàá fi dá iye lé ọjà. Iye tí wọ́n máa ta èyí tó kàn fún ẹ ni. Ká ní o ra páálí Indomie kan ní ₦10,000, ogójì wà nínú ẹ̀, o wá ń ta ẹyọ kan ní ₦270. Bó bá tán, ₦10,800 ló wà lọ́wọ́ ẹ. O ní o jèrè ₦800. O dé Ọjà Ọba, wọ́n ní ó ti di ₦11,000. Èrè ti lọ, o tún máa yọ ₦200 kún un látinú owó oúnjẹ ilé. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí èrò fi máa ń kún ìsọ̀ tí pẹpẹ á sì máa gbẹ.

Máa béèrè iye ọjà kódà nígbà tó ò fẹ́ rà. Pe ẹni tó ń tà fún ẹ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tún pè é ní àárín ọ̀sẹ̀. Bí iye bá ti gùn, yí tìẹ padà, má dúró de ìgbà tí èyí tó wà nílẹ̀ máa tán. Bó bá sì wálẹ̀, sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá kí aládùúgbò ẹ tó sọ tiẹ̀ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì-Alágbàká

Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ jẹ́ kí àwa tó ń rà náà sọ̀rọ̀. Ó máa ń dùn wá tí a bá ra mílíìkì láàárọ̀ ní iye kan, tí a padà wá nírọ̀lẹ́ tó ti di iye mìíràn, tí a sì mọ̀ pé inú páálí kan náà ni wọ́n ti mú un. Mo mọ̀ pé ọjà ń gbówó lórí. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí ìwé ara pẹpẹ sọ ọ̀tọ̀, kí ẹni tó jókòó sídìí owó sọ ọ̀tọ̀. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, ní kí iye ọjà hàn sí ẹni tó ń rà, kò sì gbọdọ̀ san ju iye tí wọ́n fi hàn án lọ. Bí ẹ bá máa yí i, ẹ yí ti ara pẹpẹ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀.

Ìsọ̀ tó kọ iye sára ọjà ni mo máa ń yà sí, ì báà fi ₦20 wọ́n ju ti ẹnìkejì lọ. Bí mo bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, mi ò lágbára àtimáa béèrè èló ni tọ̀hún, èló ni tibí.

Ìyá-Ọjà-Ọba

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Àárọ̀ ni kó máa yí i, kó sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Oníṣirò-Ìjàpò

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, mo sì ń bá àwọn onísọ̀ kan wo ìwé wọn. Màmá ti sọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Kejìlá 2024, iye ọjà lápapọ̀ fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi èrè ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tà tí ọjà sì pẹ́ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, èrè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó gba owó rẹ̀.

Nítorí náà, Àǹtí, bí owó ṣe ń yí ni kí ẹ máa wò ju èrè orí ẹyọ kan lọ. ₦100,000 tí ẹ fi sórí Indomie, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún, bó bá yí lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, ₦20,000 ló mú wá. ₦100,000 tí ẹ fi sórí ìpara àti lọ́fínńdà, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì, ₦10,000 ló mú wá lóṣù. Ẹ má tìtorí ìyẹn kó ìpara dànù. Ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀ ni, kí owó ńlá má há síbẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ fóònù. Ká ní èrè yín jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ tà, kí ọlọ́kadà sì gba ₦1,500 láti Ọ̀bà-Ilé dé FUTA, fásitì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa san owó ọ̀kadà, ẹni náà gbọ́dọ̀ ra ọjà ₦18,750 kí èrè yín tó tó owó yẹn géérégé. Kọ́bọ̀ kan kò tíì kàn yín nìyẹn. Ẹni tó ra Maggi àti sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì mẹ́ta ńkọ́? Ẹ máa sanwó fún un kó tó jẹun ni.

Àwọn tó lówó jù wá lọ náà bá ìṣòro yìí pàdé. Jumia tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012 pa ẹ̀ka rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ kiri tì ní òpin ọdún 2023, ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mẹ́fà mìíràn. Wọ́n ní iṣẹ́ náà kò bá ipò ọrọ̀ ajé ibẹ̀ mu. Ẹrù kékeré, ọ̀nà jíjìn, èrè tín-ín-rín: àwọn mẹ́ta yìí kì í gbé inú ilé kan.

Mi ò ní kí ẹ má ṣe é o. Ọjà ọlọ́pọ̀ ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Ẹ di ẹrù oṣù kan fún ìdílé: páálí Indomie, mílíìkì inú ọ̀rá ńlá, ṣúgà, Milo, ọṣẹ lúbúlúbú, tíṣù, tòmátò. Ẹ dá iye kan lé gbogbo rẹ̀, ẹ wá kọ owó ọ̀kadà sọ́tọ̀ kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn ará Alágbàká tó ń fi fóònù hàn yín yẹn ló máa rà á, lọ́sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé.

Onísọ̀-Ọ̀bà-Ilé

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹrù oṣù yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Sáṣẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Òun ló ń yá jù lọ́wọ́ mi.

Ìyá-Ọjà-Ọba

Inú ìsọ̀ ni kó jókòó sí. Sáṣẹ́ẹ̀tì ló ń mú ẹsẹ̀ èèyàn wọlé. Ọmọ tí wọ́n rán wá ra Maggi máa rí bísíkíìtì, ìyá ẹ̀ tó wá gba ṣéńjì máa rántí pé ọṣẹ ti tán nílé. Fóònù kò lè ṣe ìyẹn fún ẹ. Kó o ṣáà rí i pé rólù kan ò tán kí òmíràn tó dé, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń se ọbẹ̀. Bí wọ́n bá wá lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò bá a, ìsọ̀ òdìkejì ni wọ́n máa sọ di tiwọn.

Ọmọ-FUTA

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. WhatsApp Business ni kí ẹ gbà sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ó níbi tí ẹ lè to àwòrán ọjà àti iye wọn sí. Ó gba ọjà tó tó 500, àmọ́ ogún ti tó yín. Bí ẹ bá gbé igba ọjà síbẹ̀, iye igba ọjà lẹ máa máa yí padà nígbàkigbà tí nǹkan bá gùn, ẹ ò sì ní ráyè. Bí oníbàárà bá fi iye àtijọ́ sanwó, ohun tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ ló dé yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, broadcast ni. Èèyàn 256 ló pọ̀ jù nínú ọ̀kan, ẹni tí kò bá sì tíì tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù tirẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Ọ̀pọ̀ onísọ̀ kò mọ èyí, wọ́n á máa rò pé àwọn èèyàn rí i tí wọn ò dáhùn ni. Nígbà tí oníbàárà bá ń sanwó lọ́wọ́ nínú ìsọ̀, ẹ ní kó tọ́jú nọ́ńbà yín níbẹ̀, lójú yín. Ẹ má máa fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n á pa ariwo yín ni. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìparí oṣù, ẹ̀ẹ̀kan ní àárín oṣù, pẹ̀lú àwòrán ọjà yín gan-an tí ẹ fi fóònù yà nínú ìsọ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ wà jáde látinú Google.

Nípa àwa akẹ́kọ̀ọ́: ẹ má gbé gbogbo owó lé wa lórí. Bí ìdánwò bá ti parí, ẹnu géètì máa dákẹ́, Indomie tí ẹ kó jọ nítorí wa á sì wà níbẹ̀. Ní 2022 tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ ni, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá. Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà iléèwé lọ́wọ́ wa kí ẹ tó ra púpọ̀.

Dísípáàṣì-Àkúrẹ́

Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀kadà ni mò ń gùn, ẹrù irú èyí ni mò ń gbé káàkiri Àkúrẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kí owó wa wọ́n ni kí wọ́n pe èèyàn fún ẹrù ẹyọ kan ní Ìjàpò láàárọ̀, kí wọ́n tún pè é fún ẹyọ kan ní Ìjàpò kan náà lọ́sàn-án. Ẹ dá ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà pé ọjọ́ méjì yẹn lẹ máa ń gbé ọjà jáde. Ìjàpò àti Alágbàká lè lọ pa pọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. FUTA àti ọ̀nà Ìléṣà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n, òdìkejì ìlú ni. Bí mo bá gbé ẹrù mẹ́fà lọ sí àdúgbò kan lẹ́ẹ̀kan, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san kò lè tó ti ẹni tó pè mí lóun nìkan.

Omi inú ọ̀rá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́. Ogún ọ̀rá onílítà ààbọ̀-ààbọ̀ tó wà nínú báàgì kan, kílò mẹ́wàá ni, èrè orí ẹ̀ kò sì tó owó epo. Ohun inú ìgò náà, bí ọ̀nà bá ti jágajàga báyìí, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ má sì di ọṣẹ pọ̀ mọ́ búrẹ́dì tàbí bísíkíìtì.

Ọ̀rọ̀ owó ló ká mi lára jù. Ẹ gba owó kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ àlàátì ṣe ẹ̀rí, ẹ má sì fi àwòrán rìsíìtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣe ẹ̀rí, àtọwọ́dá pọ̀ níta. Inú áàpù báǹkì yín ni kí ẹ ṣí, kí ẹ rí i pé owó tó wà nílẹ̀ ti kún sí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹrù á dúró. Ẹni tó jẹ́ pé òótọ́ ló sanwó kò ní bínú pé ẹ ní kó ṣe sùúrù.

Àdírẹ́sì náà: nọ́ńbà ilé nìkan kò tó. Kí wọ́n kọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, iléèwé tàbí ilé epo tó wà nítòsí.

Aṣojú-Ọjà-Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ti ṣe aṣojú ọjà rí, Àkúrẹ́ dé Òǹdó dé Ọ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí iye orí ayélujára fi máa ń kéré, kí Àǹtí lè mọ èsì tó máa fún àwọn ará Alágbàká.

Ọjà máa ń ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ dísítíríbútọ̀, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà ní páálí, kó tó kan onísọ̀. Gbogbo ọwọ́ ló ń yọ díẹ̀. Ẹni tó ń tà lórí ayélujára lè ti rà á tààrà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó lè tán ni. Ẹ ní kí oníbàárà yín fi ọjà náà sínú agbọ̀n, kó tẹ̀ ẹ́ lọ títí dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, kí owó ìgbéwá dé Àkúrẹ́ wọlé sí i. Kó wá fi ìyẹn wé tiyín. Lọ́pọ̀ ìgbà lórí ẹrù kékeré, tiyín ló máa dára jù. Bí tiwọn bá sì dára jù lóòótọ́, ẹ má bá wọn jà lórí ọjà yẹn, ẹ wá òmíràn.

Ibi tí ẹ ti lè rí ẹ̀dinwó rèé. Ilé-iṣẹ́ máa ń dá iye tí dísítíríbútọ̀ gbọ́dọ̀ tà lóṣù fún un, bó bá sì bá a, wọ́n á fún un ní owó lé e lórí. Bí oṣù bá ń parí lọ tí kò tíì bá a, ọwọ́ rẹ̀ máa ń rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù ni kí ẹ lọ bá a. Bí owó yín kò bá tó páálí púpọ̀, kí ẹ̀yin onísọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àdúgbò da owó pọ̀, kí ẹ ra ogún páálí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pín in. Mo rí àwọn ìyá ní Òǹdó tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó ń bá wọn kì í ṣe kékeré.

Àmọ́ bí wọ́n bá ní ra mẹ́wàá kí ẹ gba kan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára páálí kí ayọ̀ tó gbé yín. Èyí tó ku oṣù kan péré kó kú ni wọ́n máa ń fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lé jáde. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè tà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́kàn. Ẹ má gbé ìsọ̀ yín lé orúkọ ọjà kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹta 2023, Unilever Nigeria kéde pé àwọn ń jáwọ́ nínú Omo, Sunlight àti Lux. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Procter & Gamble tó ni Ariel, Pampers àti Always kéde pé àwọn kò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé wọ́n á máa kó o wọlé láti òkèèrè ni. Ọjà tó ń ti òkèèrè bọ̀, dọ́là ló ń dá iye rẹ̀. Ẹ ní oríṣi méjì tàbí mẹ́ta lórí pẹpẹ nígbà gbogbo: bí ẹnì kan bá béèrè Ariel tí kò sí, kí Viva, So Klin tàbí WAW wà níbẹ̀ tí ẹ lè nà sí i. Bákan náà ni lórí Pampers àwọn ọmọ.

Onísọ̀-Ìsìnkàn

Aṣojú, ẹ ṣeun. Ọjọ́ orí ọjà tí ẹ fẹnu bà yẹn, mo fẹ́ fi kún un. Bí páálí bá ti wọlé, mo máa ń fi máákà dúdú kọ oṣù tó máa kú gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Èyí tó máa kọ́kọ́ kú ló ń wà níwájú, tuntun á bọ́ sẹ́yìn. Ọmọ tó ń bá mi tà kò nílò láti rò ó.

Ibi ìkẹ́rùsí náà ṣe pàtàkì o, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ ọ́. Indomie àti bísíkíìtì máa ń fa òórùn mọ́ra. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ lúbúlúbú, káńfọ̀ tàbí oògùn ẹ̀fọn, òórùn náà á wọlé sí wọn láìjẹ́ pé ọ̀rá ya, oníbàárà á sì dá a padà lẹ́yìn tó ti sè é. Ẹ ya ohun jíjẹ sápá kan, ẹ ya ohun ìfọṣọ àti oògùn kòkòrò sápá kejì, kí pẹpẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹ fi pákó sábẹ́ páálí, ẹ má jẹ́ kó fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri, nítorí ọ̀rinrin àsìkò òjò Àkúrẹ́ máa gun páálí láti ìsàlẹ̀. Ooru abẹ́ páànù lọ́sàn-án ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀tá mílíìkì, bọ́tà àti ohun tó ní ṣokoléètì. Omi inú ọ̀rá àti mínírà, ẹ má tò wọ́n síta nínú oòrùn nítorí kí èèyàn lè rí wọn.

Ẹ máa yẹ nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, wò, ẹ sì lè tẹ orúkọ ọjà sínú Greenbook, àkójọ orúkọ ọjà wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí i bóyá wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọjà wá sẹ́nu ọ̀nà yín nínú ọkọ̀, tí iye rẹ̀ kéré ju ti dísítíríbútọ̀ lọ, tí kò sì fẹ́ kọ rìsíìtì, ẹ má rà á. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà ara ọ̀rá, ẹ wo bóyá ọjọ́ náà ń parẹ́ bí ẹ bá fi ìka nù ún. Ọjà ayédèrú tó bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan, orí ẹni tó tà á ni wọ́n máa kó gbogbo rẹ̀ lé ní àdúgbò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Alátajà-Òǹdó

Mo ń tà lórí ojú òpó ńlá kan, mo sì ní ìsọ̀ nítòsí Ọ̀dọ́jọ̀mù. Wọ́n máa ń yọ ìdá kan lórí gbogbo ohun tí ẹ bá tà, ó yàtọ̀ láti ọjà dé ọjà, owó kì í sì í wọlé lọ́jọ́ tí ọjà jáde. Onísọ̀ tó jẹ́ pé owó òní ló fẹ́ fi ra ọjà ọ̀la, ìdúró yẹn máa fún un lọ́rùn. Ọjà tí wọ́n dá padà náà ń bẹ. Ohun tó ń ṣe mí láǹfààní níbẹ̀ ni èyí tí kì í tètè kú tí kò sì wúwo: ìpara irun, wáìpù àwọn ọmọ ní páàkì mẹ́fà-mẹ́fà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ní dọ́sìnì. Oúnjẹ, inú ìsọ̀ ni mo fi sí.

Olóko-Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ má gbàgbé àwa ará oko. Láti oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kìíní tí kòkó ń jáde, owó wà lọ́wọ́ wa, páálí la máa ń rà nígbà náà, nítorí a ò fẹ́ máa wọ Àkúrẹ́ lójoojúmọ́: ọṣẹ, tòmátò, ṣúgà, mílíìkì. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ kan wá sí ìlú wa lọ́jọ́ ọjà máa rí wa. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, sáṣẹ́ẹ̀tì la padà sí. Bí ẹ bá ń tà fún wa láwìn nígbà yẹn, ẹ sọ iye rẹ̀ kedere, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwa náà fọwọ́ sí i. A máa ń san án nígbà kòkó.

Ìyá-Ọjà-Ọba

Bàbá, ẹ̀yin tí a mọ ilé yín, a lè tà fún yín láwìn. Ti orí fóònù ni mi ò fara mọ́ rárá. Ojú kò kan ojú níbẹ̀. Ẹni tí kò lè wo ojú ẹ bẹ̀bẹ̀ nínú ìsọ̀ máa kọ ọ́ ní gbólóhùn méjì lórí WhatsApp pé kó o jẹ́ kóun san án lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ mi, àwìn inú ìsọ̀, fi iye kan sí i tí kò ní kọjá, sọ fún gbogbo wọn, kí àbúrò ẹ pàápàá má kọjá iye yẹn. Ti fóònù, kò sí.

Onísọ̀-Ọ̀bà-Ilé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á bá wa bùkún ọjà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ iye sára pẹpẹ láàárọ̀ yìí. Ẹrù oṣù oríṣi méjì ni mo fẹ́ dì, ọ̀kan fún ilé tó ní ọmọ kékeré, ọ̀kan fún èyí tí kò ní. Bísíkíìtì, sáṣẹ́ẹ̀tì àti omi, inú ìsọ̀ ni wọ́n wà. Àwọn oníbàárà tí mo mọ ilé wọn ni mo máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Jumia á dúró ná.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n gba owó ọ̀kadà mọ́ owó ẹrù, àbí kí wọ́n san án fún ọlọ́kadà lẹ́nu ọ̀nà wọn?

Dísípáàṣì-Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ni kí ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń ní kò sí ṣéńjì, tí wọ́n á sì dá wa dúró títí ẹrù tó kàn á fi pẹ́. Bí ọjọ́ Ẹtì bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó ti Alágbàká àti Ìjàpò jọ sẹ́nu ìlẹ̀kùn kó tó di aago mẹ́wàá, kí ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ẹni tó ni ín sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ti FUTA lè dúró di ọ̀sán.